Abo alpaca mi ń kúnlẹ̀ fún akọ léraléra: ṣé àgàn ni, àbí èmi ni mi ò mọ àsìkò rẹ̀?

Ọlọ́sìnTuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọlọ́sìn. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ewúrẹ́ ni mo ti ń sìn tipẹ́, mo sì mọ ìwà wọn. Bí ara abo bá ń béèrè akọ, á máa ké, á máa ju ìrù, ojú ara rẹ̀ á wú. Ọjọ́ kan tàbí méjì ni, ó parí, ó tún di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọdún tó kọjá mo ra abo alpaca mẹ́ta àti akọ kan, ẹran onírun tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà yẹn. Méjì nínú àwọn abo náà wà nínú oyún báyìí. Ẹ̀kẹta, ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì bímọ rí, òun ló ń kó ìrònú bá mi.

Mi ò rí àmì kankan lára rẹ̀ rí. Kì í ké, kì í ju ìrù. Àmọ́ ìgbàkígbà tí mo bá mú akọ wọlé tọ̀ ọ́, á kúnlẹ̀, á fi àyà lélẹ̀, akọ á sì gùn ún. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti ṣe é láàárín oṣù méjì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti pé lẹ́yìn ìgùn, mo máa ń mú akọ padà wá wò ó, á tún kúnlẹ̀. Ṣé àsìkò rẹ̀ ni mi ò mọ̀ mú ni? Ẹnì kan ní kí n kàn fi akọ sílẹ̀ láàárín wọn, pé á mọ àsìkò fúnra rẹ̀.

Darandaran_Àgbà
Àbúrò, mú ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kúrò lọ́kàn. Alpaca kò ní àsìkò tí ara ń gbóná bẹ́ẹ̀. Ẹbí ràkúnmí ni, òun àti llama, guanaco àti vicuña. Gbogbo wọn pátá kì í tú ẹyin sílẹ̀ àfi bí akọ bá gùn wọ́n, bíi ti ehoro àti ológbò. Nítorí náà má wá ìké, má wá ìjùrù. Bó bá kúnlẹ̀ fún akọ, kò tíì lóyún. Bó bá sá, tó tutọ́ sí i lára, tó tàpá, ó ti lóyún nìyẹn.

Fi akọ sílẹ̀ láàárín wọn. Bí mo ṣe ṣe é fún ọdún mẹ́wàá nìyẹn, wọ́n sì ń bí fún mi.

ÌyáOnírun
Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ apá kìíní ọ̀rọ̀ yín. Ti ẹ̀kejì, ẹ dákun, rárá o.

Èmi náà fi akọ sílẹ̀ láàárín abo nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Abo kan bímọ, kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tí akọ fi gbé e ṣubú tó sì gùn ún, nígbà tí ilé ọmọ rẹ̀ kò tíì padà sípò. Ó kó àrùn síbẹ̀. Odidi ọdún kan kọjá kó tó tún gba oyún, owó ìtọ́jú rẹ̀ sì dùn mí títí dòní. Akọ tún máa ń yọ àwọn tó ti lóyún lẹ́nu. Lékè gbogbo rẹ̀, bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ ìgùn, ẹ kò lè mọ ọjọ́ ìbímọ. Ẹran tó ń gbé oyún fún nǹkan bí ọdún kan gbáko, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ jù tàbí ó ti yá jù?

Ọlọ́sìnTuntun, ìṣẹ́jú mélòó ni akọ máa ń lò lórí rẹ̀? Ṣé ẹ máa ń wò ó dájú pé ó wọlé? Abo tí kò bímọ rí lè ní awọ tó dí ojú ara rẹ̀.

Ọlọ́sìnTuntun
Ẹ ṣeun, mà. Bí ogún ìṣẹ́jú ni, akọ á máa kùn bí ẹni tó ń fọ ọ̀nà ọ̀fun. Mo rò pé ó wọlé, àmọ́ n kò lè búra.

DókítàẸran
Ẹ kú ìjíròrò. Ìtọ́jú ẹranko ni iṣẹ́ mi, ẹbí ràkúnmí ni mo sì ń rí jù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń lọ nínú abo yìí, torí mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́.

Lára ilé ẹyin rẹ̀, àwọn àpò kéékèèké tí ẹyin wà nínú wọn máa ń dìde bí ìgbì omi. Ọ̀pọ̀ á jọ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan á ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, á dàgbà tó milimítà 7 sí 12, á sì dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de àlejò. Bí akọ kò bá dé, á rọ, òmíràn á ti máa dìde lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló wà láàárín ìgbì kan sí èkejì. Bí akọ bá gùn ún nígbà tí àpò náà ti tóbi tó, ọpọlọ á rán họ́mọ̀nù jáde, ẹyin á sì já ní nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí lẹ́yìn ìgùn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Abo tí kò lóyún lè kúnlẹ̀ fún akọ ní gbogbo ìpele ìgbì yìí. Àpò lè ṣì kéré jù, kó kúnlẹ̀. Ó lè ti ń rọ lọ, kó ṣì kúnlẹ̀. Nítorí náà, kíkúnlẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ẹyin ti ṣe tán. Ó kàn túmọ̀ sí pé họ́mọ̀nù oyún, èyí tí wọ́n ń pè ní progesterone, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn tí ẹyin bá já, ojú ibi tó ti já á di kókó kan tó ń ṣe progesterone. Kókó yìí ló ń mú kó kọ akọ. Bí oyún kò bá dúró, á rọ ní nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 12, abo á sì tún kúnlẹ̀. Bí oyún bá dúró, kókó yẹn kò gbọdọ̀ rọ títí di ọjọ́ ìbí, torí òun nìkan ló gbé oyún náà dúró.

Àbúrò, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgùn nìkan lo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ yẹn, abo tí ẹyin rẹ̀ kò já rárá àti èyí tí ẹyin rẹ̀ já ṣùgbọ́n tí oyún kò dúró, àwọn méjèèjì ló máa kúnlẹ̀. Ọjọ́ keje ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Mú akọ wá ní ọjọ́ keje. Bó bá kúnlẹ̀, ẹyin kò já. Bó bá kọ̀ ní ọjọ́ keje tó wá kúnlẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá, ẹyin já, oyún ni kò dúró. Ìwádìí àwọn ìṣòro méjèèjì yìí kò jọra.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀dá
Àlàyé dókítà dára púpọ̀. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un torí ó máa ń ya mí lẹ́nu. Fún ọdún pípẹ́, èrò tó wà nílẹ̀ ni pé gígùn fúnra rẹ̀, ìfarakàn àti ìwúwo akọ lórí abo, ló ń mú kí ẹyin já. Àwọn onímọ̀ ní Peru tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1970. Àmọ́ ní 1985, àwọn ará Ṣáínà fi hàn lára ràkúnmí oníké méjì pé àtọ̀ nìkan, láìsí akọ rárá, lè mú ẹyin já. Lẹ́yìn náà wọ́n rí i lára alpaca àti llama pé bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ fún abo ní omi àtọ̀ náà sínú ẹran ara, ẹyin á já.

Ní 2012 ni wọ́n wá mọ ohun tó wà nínú omi náà: purotéènì tó ń mú iṣan ìmọ̀lára dàgbà, NGF, èyí tí Rita Levi-Montalcini, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1986! Ohun tí ayé mọ̀ sí oúnjẹ iṣan ìmọ̀lára, òun náà ló ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá ọpọlọ abo alpaca pé kó tú ẹyin sílẹ̀.

Darandaran_Àgbà
Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń sin ẹran yìí láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, láìsí síkáànù. Akọ àti abo ni wọ́n máa ń dà pọ̀ ní àsìkò òjò, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta.

DókítàẸran
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ní Peru níbẹ̀ gan-an ni àwọn olùwádìí ti rí i pé bí akọ bá ń gbé pẹ̀lú abo láìyà wọ́n, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kò ní kà wọ́n sí mọ́, kódà bí abo bá ṣófo. Bí akọ tuntun bá dé, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ètò pípààrọ̀ àwọn akọ sílẹ̀. Ẹni tó ní akọ kan ṣoṣo kò lè ṣe ètò yẹn.

Darandaran_Àgbà
Èyí yé mi. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi, mo sì rò pé ara akọ náà ni kò yá.

OníbéèrèPúpọ̀
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní bó bá tutọ́ ó ti lóyún. Tèmi tutọ́ sí akọ fún oṣù mẹ́ta, mo ti ń ka ọjọ́ ìbí, wọ́n ṣe síkáànù, inú rẹ̀ ṣófo. Kí ló fà á?

ÌyáOnírun
Ẹ pẹ̀lẹ́, ó máa ń dunni gan-an. Títutọ́ kì í ṣe ẹ̀rí oyún, ẹ̀rí pé progesterone wà nínú rẹ̀ ni. Kókó tí dókítà ń sọ yẹn lè kọ̀ láti rọ nígbà tí kò sí oyún mọ́, kó sì máa tan abo àti ẹni tó ni ín. Àwọn abo kan wà tí wọ́n kàn kórìíra akọ kan pàtó. Mo sì ní ọ̀kan tó jẹ́ ojo débi pé á kúnlẹ̀ fún akọ tòun ti oyún. Èmi kì í gba ẹnu abo gbọ́ mọ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ 45 sí 60 ni mo ń ṣe síkáànù.

DókítàẸran
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò fún progesterone lẹ́yìn ọjọ́ 21 náà lè tanni jẹ torí kókó tí kò rọ. Kí ẹ sì tún síkáànù ṣe lẹ́yìn oṣù méjì, torí àárín oṣù méjì àkọ́kọ́ ni oyún alpaca máa ń bàjẹ́ jù. Abẹ́rẹ́ wà tí dókítà lè fi mú kókó tó kọ̀ láti rọ kúrò. Ẹ má dá a lò fúnra yín o: bí oyún bá wà níbẹ̀, yóò wálẹ̀.

Ọlọ́sìnTuntun
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ṣe bí dókítà ṣe wí. Ìgùn karùn-ún, mo kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ keje mo mú akọ wá. Ó sá! Ó tutọ́ ewéko sí akọ lójú, n kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ní in. Inú mi dùn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

Alágbo
Nígbà náà ẹyin ń já, kì í ṣe pé kò ní ẹyin. Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti òkè, ìbéèrè kan ni kò tíì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni: àwọn abo méjì tó lóyún yẹn, ṣé akọ yìí ló fún wọn lóyún?

Ọlọ́sìnTuntun
Rárá o. Tòun ti oyún ni mo rà wọ́n.

Alágbo
Ẹ rí i bí. Akọ tí kò tíì fún ẹranko kankan lóyún rí lẹ ń lò, abo lẹ sì ń fura sí. Ọmọ ọdún mélòó ni?

Ọlọ́sìnTuntun
Kò tíì pé ọdún méjì.

Alágbo
Akọ alpaca kì í tètè gbó. Nígbà tí wọ́n bí i, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àpò rẹ̀, kì í sì já tán lára àwọn mìíràn títí di ọdún méjì sí mẹ́ta. Ó lè gùn, kó máa kùn fún ogún ìṣẹ́jú, kí gbogbo rẹ̀ má wọlé. Bó bá tiẹ̀ wọlé, irúgbìn inú àtọ̀ rẹ̀ lè má tíì tó. Àmọ́ èròjà tí Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀dá sọ lè wà nínú omi rẹ̀, ẹyin á sì já lásán.

DókítàẸran
Alágbo sọ òótọ́, ó sì yẹ kí n ti béèrè. Ẹ wá akọ tó ti ní ọmọ nílẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbé abo náà fún un lónìí. Akọ alpaca kì í da àtọ̀ sí ojú ara bíi ti àgbò. Ó máa ń gba ẹnu ilé ọmọ kọjá wọ inú ilé ọmọ lọ́hùn-ún, ó sì ń ha ara inú rẹ̀. Abo tí wọ́n gùn ní ìgbà márùn-ún láàárín àkókò kúkúrú, inú rẹ̀ á ti pọ́n. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún oṣù kan ó kéré tán. Láàárín ìgbà náà, kí dókítà yín yẹ ojú ara rẹ̀ wò fún awọ tí ÌyáOnírun sọ, kó fi síkáànù wo ilé ọmọ bóyá omi tàbí àrùn wà níbẹ̀. A máa ń bí àwọn mìíràn pẹ̀lú ilé ọmọ tí apá kan rẹ̀ kò sí, tàbí ilé ẹyin tí kò dàgbà, ó sì dára kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó sí i.

ÌyáOnírun
Kí ẹ sì fi ọwọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ irun. Irun máa ń bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Tí ẹ kò bá lè rí eegun ẹ̀yìn fọwọ́ kàn, ó ti sanra jù, abo tó sanra jù kì í sì tètè gba oyún.

Ọlọ́sìnTuntun
Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú pé mo pẹ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí awọ, ilé ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó sanra díẹ̀, mo dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo gbé e lọ sọ́dọ̀ akọ ọlọ́sìn kan tó ti ní ọmọ púpọ̀. Ìgùn kan ṣoṣo. Ó kọ akọ ní ọjọ́ keje, ó kọ̀ ní kẹrìnlá, ó kọ̀ ní kọkànlélógún. Lánàá ó pé ọjọ́ 48, mo rí ọkàn ọmọ tó ń lù lójú síkáànù. N kò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Dókítà ní apá òsì ilé ọmọ ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹyin apá ọ̀tún ló tú ẹyin náà. Ṣé kò léwu?

DókítàẸran
Ẹ kú oríire! Kò léwu rárá. Ilé ẹyin méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n ó ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún oyún alpaca lọ tó ń dúró sí apá òsì. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún máa ń rìn kọjá wá. Apá òsì náà ló tóbi jù. Èyí wà lára ìdí tí ìbejì kì í fi í sábà yè nínú wọn.

Alágbo
Ẹ má gbé e rìn kiri mọ́ ní oṣù méjì àkọ́kọ́ yìí. Ní ìparí oyún, ẹ ṣọ́ ọ gidigidi: bó bá ń dùbúlẹ̀ tó ń dìde léraléra, tó ń wo ìhà rẹ̀, tó ń tàpá sí ikùn, tí kò jẹun, ilé ọmọ lè ti lọ́. Mo rò pé inú kàn ń run tèmi lásán ni, mo dúró di ọjọ́ kejì. Mo pàdánù ìyá àti ọmọ. Ẹ pe dókítà ní wákàtí yẹn gan-an.

Ọlọ́sìnTuntun
(oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà)
Ẹ káàárọ̀ o. Òní ló pé ọjọ́ 351. Ọmú rẹ̀ ti wú láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ara rẹ̀ le, ó ń jẹun. Àmọ́ kò bí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Darandaran_Àgbà
Ó ti pẹ́ jù. Ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kó bí.

ÌyáOnírun
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe é! Bí ọjọ́ 335 sí 350 ni ọ̀pọ̀ wọn ń bí, àmọ́ mo ní abo tó lo ọjọ́ 368, ọmọ rẹ̀ sì le koko. Ọmọ tó wà nínú ló ń mọ ọjọ́ tó máa jáde. Ẹ wo ara ìyá, ẹ má wo kàlẹ́ńdà.

DókítàẸran
Mo wà lẹ́yìn ÌyáOnírun. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ lé jáde tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó. Níwọ̀n ìgbà tó ń jẹun tí kò sì sí àmì tí Alágbo sọ, ẹ dúró. Òwúrọ̀ sí ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń bí. Bí alẹ́ bá lẹ́ tó ń rọbí, ẹ pe dókítà. Bí orí àti ẹsẹ̀ iwájú méjì bá yọ, ẹ má fà á. Ọmọ á rọ̀ sísàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi á máa dà láti imú rẹ̀. Bó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ìtẹ̀síwájú, ó di ọ̀ràn nìyẹn. Ibi ọmọ yẹ kó jáde láàárín wákàtí mẹ́fà.

Ọlọ́sìnTuntun
Ọjọ́ 354, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀. Abo! Kílò 7.3. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìdúró nígbà tó bí i. Awọ tín-ínrín kan bò ó lára bí ọ̀rá, mo fẹ́ yà á kúrò, ó sì gbẹ, ó wó dànù fúnra rẹ̀. Ìyá kò lá a rárá, ó kàn ń kùn sí i létí, ọmọ náà sì ń dáhùn. Kò tó wákàtí kan tó fi dìde. Ibi ọmọ jáde pé pérépéré, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ mo yẹ̀ ẹ́ wò.

Àmọ́ ó ti ń wá ọmú kiri fún wákàtí méjì, kò rí i mú.

ÌyáOnírun
Ẹ yára. Orí ọmú mẹ́rin ni, ìda máa ń dí ojú wọn. Ẹ fi ọwọ́ mímọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kí ìda náà bọ́, kí ẹ sì darí ẹnu ọmọ sí i. Èròjà tó ń gbógun ti àrùn kì í gba ibi ọmọ kọjá lára ẹran yìí, inú wàrà àkọ́kọ́ nìkan ló wà. Inú ọmọ á ti pa ilẹ̀kùn dé kó tó pé ọjọ́ kan, wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù.

Ọlọ́sìnTuntun
Ìda ni lóòótọ́! Ó ń mu ún. Ìrù rẹ̀ wà lókè, ó ń mì í. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìgbà wo ni ìyá lè tún rí akọ?

DókítàẸran
Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sókè, bí ara rẹ̀ bá ti mọ́. Kó má yá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láéláé. Ẹ máa wọn ọmọ lójoojúmọ́ ní aago kan náà.

Darandaran_Àgbà
Ẹ kú ewu ọmọ o, àbúrò. Mo ti yọ akọ mi kúrò láàárín àwọn abo láti ọdún tó kọjá, mo sì ti ń kọ ọjọ́ ìgùn sílẹ̀. Mẹ́rin ló wà nínú ìwé báyìí, ẹni àkọ́kọ́ pé ọjọ́ 340 lọ́la.